Kò Sí Ẹni Tó Ń Gbé Hùnsúkojì

Lọ́jọ́ tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ́ Dàá Sagbo lápá, èmi ni mo mú máàpù dání. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Mo dúró lórí iyanrìn Hùnsúkojì, mo kọ ẹ̀yìn sí òkun, mo tẹ máàpù náà mọ́ àyà, ọ̀gá ṣọ́jà sì ń bi mí pé, "Ṣé ibí yìí ni?" Mo wo òpó sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀, mo wo ìlà pupa tí mo fọwọ́ ara mi fà sínú máàpù, mo ní, "Ibí ni, sà."

Dàá Sagbo ni olórí abúlé náà, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Ègùn, ó ga, ó gbẹ, kò sì ró ju aṣọ kan ṣoṣo lọ mọ́ ìdí. Kò pariwo. Ó kàn rìn wá síbi òpó náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó sì ń fà á tu. Ṣọ́jà kan ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Eo," èyí tí í ṣe rárá lédè wọn, ó tún fà á. Ṣọ́jà náà yí ìbọn rẹ̀ po, ó fi ìdí rẹ̀ la apá òsì bàbá náà mọ́ òpó. Mo gbọ́ bí eegun náà ṣe dún. Ó tún gbé ìbọn sókè, ó tún là á mọ́ ọn níbi kan náà, nítorí pé bàbá náà kò tíì fi ọwọ́ kejì sílẹ̀.

Dosu, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, sáré jáde láti abẹ́ àgbọn. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ṣọ́jà mẹ́ta ló pàdé rẹ̀. Wọ́n ta á lẹ́sẹ̀, ó dojú bolẹ̀, wọ́n sì fi kòbókò lù ú títí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi wọnú ẹran ara. Ọ̀kan nínú wọn ń kà á sókè ketekete. Ó ka ogójì kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá ṣọ́jà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó bá gbogbo abúlé sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá tó já geere. "Ilẹ̀ ìpamọ́ ìjọba lẹ wà yìí. Nítorí àwọn ìjàpá òkun ni ìjọba ṣe gbà á. Ọjọ́ Ajé lòní. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá èèyàn tàbí ilé níbí, kí onítọ̀hún má dá mi lẹ́bi."

Ó yẹ kí n sọ bí máàpù yẹn ṣe dé ọwọ́ mi. Bólúwají lorúkọ mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí. Àpáta ni mo mọ̀ láti kékeré. Kí n tó ríṣẹ́ sí Èkó, n kò rí òkun rí. Ọdún 1985 ni mò ń sọ. Ìjọba ológun ti ti ẹnu bodè pa, ṣọ́jà wá pọ̀ ní etíkun Àgbádárìgì ju apẹja lọ. À ń tò fún ọṣẹ, à ń tò fún ṣúgà, ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ sì ń já bọ́ sórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí a bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀, orí tábìlì la máa ń kọ́kọ́ wò kí a tó kí ara wa.

Iṣẹ́ tèmi, tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ni kí n máa ka ilẹ̀ láti inú àwòrán tí bàlúù yà. Bí ẹ bá gbé àwòrán méjì tí bàlúù yà tẹ̀léra sí abẹ́ awò olójú méjì, ilẹ̀ á dìde sókè lójú yín. Igi á ga, ilé á yọ òrùlé, odò á wọnú kòtò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Mo tún máa ń fi yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a lọ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ kan kí a tó yà á sínú máàpù, mo máa ń bi í pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ríran ju ojú mi lọ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì dùn.

Àwọn onímọ̀ kan ti sọ fún ìjọba pé kò sí ibòmíràn ní gbogbo etíkun wa tí ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin tó Hùnsúkojì, abúlé kan lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, lẹ́yìn Gberefu. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀. Ìjọba ní àwọn yóò fi ibẹ̀ ṣe ilẹ̀ ìpamọ́, iṣẹ́ máàpù sì dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán tí mo lò jẹ́ èyí tí bàlúù yà ní oṣù kejìlá ọdún 1983, nígbà tí òjò ti lọ tí ìkùukùu kò sí lójú ọ̀run. Mo gbé e sábẹ́ awò. Iyanrìn funfun ni mo rí, ó mọ́ tónítóní, kò sí ilé, kò sí ọkọ̀ ojú omi, kò sí èéfín. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni àwọn ipa gbọọrọ gbọọrọ tí ìjàpá fi àyà wọ́ láti inú omi wá sókè.

Ìwé kan bá máàpù náà rìn. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ pé: ṣé ẹ ti dé ilẹ̀ náà, tí ẹ fojú rí i? Wọ́n tún béèrè pé: èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀? Mo lọ bá Ọ̀gá Síkírù, olórí ẹ̀ka wa, pé kó fún wa ní ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ní kò sí epo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó epo. "Àbí awò rẹ kò ríran mọ́ ni, Bólúwají?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo jókòó, mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè kìíní, mo kọ "Kò sí" sí ìkejì, mo sì fọwọ́ sí i. N kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Hùnsúkojì rí láyé mi.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ní oṣù kejì ọdún 1985 pé àwọn kan ti ya wọ ilẹ̀ ìpamọ́ náà, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn ṣọ́jà lọ fi ààlà hàn wọ́n. Mo rò pé àwọn àjèjì la fẹ́ lọ bá.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́ bàbá náà lápá, ọ̀gá ṣọ́jà ní iṣẹ́ mi ti parí, kí n dúró de ọkọ̀ wọn. N kò lè dúró. Mo bá àwọn obìnrin gbé Dàá Sagbo dé etí ọ̀sà, mo sì bá wọn wọ ọkọ̀ àjẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Imeke. Sewanu, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n Dosu, ló ń tu ọkọ̀. Ẹja ló ń yan tà, apá rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin. Kò wò mí títí a fi dé àárín omi.

Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti wá kí ẹ tó dé etíkun yẹn?"

Ó dá àjẹ̀ dúró. "Wá bí i báwo? Inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá tó ń kérora lẹ́sẹ̀ ẹ yìí sí."

"Àwòrán bàlúù kò lè parọ́," mo dá a lóhùn, tẹnutẹnu. "Èmi ni mo kà á. Kò sí ilé kan ṣoṣo níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á."

"Oṣù wo ni wọ́n yà á?"

"Oṣù kejìlá."

Ó gbé àjẹ̀ jáde nínú omi, ó sì fi pẹlẹbẹ rẹ̀ gbá mi lẹ́bàá etí. Mo ṣubú sáàárín ọkọ̀. Kí n tó gbórí sókè ó tún ti là á mọ́ mi léjìká, ó tún là á mọ́ mi lẹ́yìn ọrùn, ẹ̀jẹ̀ dà sójú mi, omi ń wọ ọkọ̀ níhìn-ín níhọ̀ọ́. N kò gbé ọwọ́ sókè. Bóyá nínú mi lọ́hùn-ún mo ti mọ̀ pé ohun kan wà tí mo ṣe. Bàbá rẹ̀ ló bá a wí lédè Ègùn títí ó fi jókòó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Dàá Sagbo fúnra rẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi, apá rẹ̀ ti wú ó sì ti dúdú, ó ń dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ nítorí ìrora. Ó ní bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, gbogbo Hùnsúkojì ló máa ń fi òkun sílẹ̀. Wọ́n á tú ilé wọn, òpó àti imọ̀ àgbọn, wọ́n á rù ú lọ sí ìhà ọ̀sà lábẹ́ àwọn igi ńlá. Wọ́n á wọ́ ọkọ̀ kúrò lórí iyanrìn. Wọn kò ní dáná níbẹ̀, wọn kò ní tan fìtílà, wọn kò ní ju àwọ̀n, títí ọyẹ́ yóò fi parí, nítorí pé ìgbà náà ni ìjàpá òkun ń gòkè wá sin ẹyin rẹ̀. Bí ó bá rí iná, á yí padà pẹ̀lú ẹyin nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá dáná níbẹ̀ lásìkò yẹn, wọ́n á fi àáké la ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló bá a bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín wò wá nígbà tí a ò sí nílé," ó ní. "Tìtorí rẹ̀ la ò fi sí nílé, ìjàpá yẹn. Àwa la pa á mọ́ fún yín. Ẹ wá fi í lé wa."

Ojú tì mí. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé nígbà tí a dé Imeke, tí ẹni tó ń to eegun bẹ̀rẹ̀ sí í fa apá bàbá náà, tí bàbá náà sì ń ké, mo jáde lọ síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé tọ Ọ̀gá Síkírù lọ pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí gbọ́ mi dópin, n kò lè sọ pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo kọ̀wé pé o dé ibẹ̀," ó ní. "Bí o bá lọ sọ pé o ò dé ibẹ̀, o ti jẹ́wọ́ pé o parọ́ fún ìjọba ológun nínú ìwé ìjọba. Ìdádúró nìyẹn tí wọ́n bá ṣàánú rẹ. Tí wọn ò bá ṣàánú rẹ, àtìmọ́lé ni, èmi náà á sì tẹ̀lé ọ. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Lọ jókòó."

Mo lọ jókòó. Ṣùgbọ́n mo ní inú fùfù, kò sì jẹ́ kí n jókòó pẹ́. Inú yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó àwọn àwòrán àtijọ́ sí ni mo wọ̀, mo tú u láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà ni mo rí ohun tí mò ń wá: àwòrán méjì tẹ̀léra tí bàlúù kan yà ní oṣù kẹrin ọdún 1976, nítorí ọ̀nà kan tí wọ́n fẹ́ là nígbà náà. Mo gbé e sábẹ́ awò, Hùnsúkojì sì dìde sókè lójú mi. Ilé mẹ́tàlélógójì. Ọkọ̀ ńlá mọ́kànlá lórí iyanrìn. Àtẹ tí wọ́n ń sá ẹja sí. Mo tilẹ̀ rí òjìji àwọn èèyàn, wíńtíwíńtí, wọ́n tò lọ síbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Èmi nìkan bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá náà, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo ki àwòrán méjèèjì bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì, mo mú awò kékeré tó ń wọ àpò, mo sì jáde gba ẹnu ọ̀nà bí olóòótọ́ èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo ti wà ní Hùnsúkojì kí oòrùn tó mú. Àwọn ṣọ́jà ti dé, wọ́n tó ogún, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kalẹ̀ sórí iyanrìn. Àwọn obìnrin díẹ̀ àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ dúró lẹ́nu ilé wọn, wọn kò sá. Sewanu wà lára wọn. Mo lọ bá ọ̀gá ṣọ́jà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tẹ́ àwòrán méjèèjì sórí àpótí, mo gbé awò lé e, mo ní kó wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ń dìde sókè." Inú rẹ̀ dùn bí inú tèmi ṣe dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo rò pé mo ti mú un. Mo ní, "Ọdún kẹsàn-án nìyí, sà, ẹ wo ilé wọn. Wọn kì í ṣe àjèjì. Èmi ni mo ṣe máàpù, èmi ni mo ṣì í. N kò dé ibí rí kí n tó fọwọ́ sí i." Mo ti sọ ọ́. Ara mi fúyẹ́.

Kò gbórí sókè. Ó fi ìka tọ́ ibì kan nínú àwòrán. "Kí nìyí, tó dúdú gbọọrọ lẹ́yìn abúlé?"

Ọlọ́run dárí jì mí. Ẹni tó ń ka ilẹ̀ ni mí. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tó wà nínú àwòrán, ẹnu mi kì í dúró. Mo ní, "Omi tóóró kan ni, sà, ó ya láti ara ọ̀sà wọnú igbó ẹrẹ̀. Igi ti bò ó báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè rí i láti ojú omi. Ọkọ̀ méjì lè gba ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wọlé tó ìdajì máìlì."

"Ọkọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn," ó tún un sọ. Ó nà ró. "Ọ̀nà fàyàwọ́."

Mo ní rárá, sà. Ó ti gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi. Ó pe ṣọ́jà mẹ́wàá, ó fi ìka tẹ ibẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gba ẹ̀yìn abúlé lọ. Mo bojú wo Sewanu láti sọ fún un pé mo ti gbìyànjú, mo sì rí ojú rẹ̀. Ó ń wo ibi tí àwọn ṣọ́jà náà kọrí sí. Ó la ẹnu, orúkọ kan ṣoṣo ló jáde, "Dosu," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Inú omi tóóró yẹn ni àwọn ará abúlé kó àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé sí láti ọjọ́ Ajé, àwọn àti àwọ̀n wọn àti ọkọ̀ wọn. Kò sí ṣọ́jà tó mọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mọ ibẹ̀ àfi ẹni tó bá gbé e sábẹ́ awò.

Nígbà tí mo fi máa sáré dé ibẹ̀, Dosu ti fi ọkọ̀ dábùú ẹnu omi náà, ó dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tí kòbókò ya ṣì ń ṣọyún. Ṣọ́jà àkọ́kọ́ tó kó wọnú omi tọ̀ ọ́ lọ, Dosu fi àjẹ̀ la àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Ìkejì yìnbọn. Ó bà á nítan, ó tún gbé àjẹ̀ sókè. Wọ́n wá yìnbọn sí i láyà lẹ́ẹ̀mejì, ó dẹ̀yìn bọ́ sínú omi tí kò tó orúnkún. Sewanu dé bá a níbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti gbé orí rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, ṣọ́jà kan sì ta á nípàá kúrò lójú ọ̀nà kí àwọn yòókù lè kọjá.

Wọ́n fi àáké la àwọn ọkọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi kòbókò lé àwọn arúgbó jáde, àwọn tí kò lè rìn ni wọ́n wọ́ lẹ́sẹ̀ gba inú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ké, ìbọn sì ń dún lókè orí wọn. Wọ́n wá ẹrù fàyàwọ́ títí. Àwọ̀n ni wọ́n rí, àti ìkòkò, àti àpò gàrí kan. Ọ̀gá ṣọ́jà wo àpò gàrí náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ dáná sí ilé. Mo fò mọ́ ọn, mo dì í lọ́rùn ẹ̀wù, n kò mọ ohun tí mò ń pariwo. Ìdí ìbọn kan bà mí lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, mo sì ń wo bí imọ̀ àgbọn ṣe ń jó. Ó yá ju bí mo ṣe rò lọ. Ilé mẹ́tàlélógójì kò gbà wọ́n ní wákàtí kan. Ọ̀gá wọn kò fi mí sùn ní ọ́fíìsì wa; kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó rí nínú omi tóóró yẹn.

Dàá Sagbo kò gbà. Pẹ̀lú apá rẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ igi, ó ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, pé ilé àwọn ni Hùnsúkojì, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà. Ìgbìmọ̀ náà fèsì pé bí ẹni kan ṣoṣo bá ń gbé ibẹ̀, àwọn yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, kò sí ẹjọ́. Wọ́n ní ìwé ẹni tó bá fojú rí ilẹ̀ náà nìkan ni àwọn máa gbà.

Ìyẹn ló gbé Ọ̀gá Síkírù dìde. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iná náà, epo tí kò sí ti wá wà, jálá méjì kíkún. A jọ wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì, èmi àti òun. Ó na ìwé tuntun sí mi, ìbéèrè méjèèjì kan náà ló wà nínú rẹ̀.

"O ní o fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kí o tó kọ ọ́," ó ní. "Ó dára. Lọ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ, kò sí irọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Bí o bá fọwọ́ sí i, tábìlì rẹ ń dúró dè ọ́. Bí o bá tún fẹ́ ṣe tèmi ò gbà, ìwé ìdádúró rẹ wà nínú báàgì yìí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán."

A gúnlẹ̀. Eérú ni, àti kùkùté òpó tó jóná, àti iyanrìn. Mo rìn ín láti ìkángun kan dé ìkejì. Kò sí ilé, kò sí ọkọ̀, kò sí èéfín. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn ló ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí. Inú bí mi, n kò sì rí ẹni tí n bá nà.

Sewanu ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ ní àárín kùkùté òpó mẹ́rin, ó ti gbá eérú ibẹ̀ kúrò, iyanrìn rẹ̀ mọ́. Mo dúró lókèèrè sí i. N kò mọ bí ẹni bí tèmi ṣe ń kí ẹni bí tiẹ̀.

"Má wulẹ̀ bẹ̀ mí," ó ní, kò gbójú sókè. "Kí lo tún wá kọ?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ohun tí ìgbìmọ̀ wí, mo sọ ohun tó wà nínú báàgì Ọ̀gá Síkírù.

Ó na ọwọ́ sí àárín òpó mẹ́rin náà. "Yàrá Dosu nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ibí ni ẹní rẹ̀ máa ń wà. Àwa kì í sin èèyàn wa sígbó, inú yàrá rẹ̀ la máa ń sin ín sí. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà lọ lọ́jọ́ kejì, a padà wá, a gbá eérú títí a fi rí òpó rẹ̀, a sì tẹ́ ẹ síbi tó máa ń sùn." Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láṣọ. "Wọ́n lé gbogbo wa. Òun ò lọ."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ síbi ọkọ̀ àjẹ̀ rẹ̀.

Mo jókòó síbi tó dìde, mo gbé ìwé lé orúnkún, mo mú bírò. Ní ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá mo ti dé ilẹ̀ náà tí mo fojú rí i, mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni." Ní ibi tí wọ́n ti béèrè èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, mo kọ "Ẹnì kan." Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, Dosu ọmọ Sagbo. Mo kọ pé apẹja ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, pé kò tíì kó kúrò níbẹ̀ rí, kò sì ní kó. Mo fọwọ́ sí i, mo dìde.

Ọ̀gá Síkírù ti ń bọ̀ lórí iyanrìn, oòrùn ti mú un, ó ń nu ọrùn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi láàárín òpó mẹ́rin náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó gbójú sókè, ó wo iyanrìn lọ dé òkun, ó wo igbó àgbọn.

"Dosu wo?" ó ní. "Níbo ló wà?"

Mo ní, "Ẹ dúró lé e lórí, sà."